Àwọn Ọmọ Wa Ní Àjò

Ẹ̀kọ́ kíkà: Jeremáyà 29:1–7, Nehemáyà 13:23–24



 Ìwé tí wòlíì Jeremáyà kọ láti Jerúsálẹ́mù sí àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Kò sí ẹni tí kò mọ ìwé náà láàárín wa, nítorí bí a bá ń kà á, a máa ń dà bí ẹni tí a kọ ọ́ sí gan-an. Wòlíì náà ní kí àwọn àlejò má ṣe jókòó bí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la. Ó ní kí wọn ní ilé àti oko tiwọn níbẹ̀, kí àwọn ọmọ wọn ní ọkọ àti aya, kí ọmọ-ọmọ sì tẹ̀ lé e, kí wọn sì máa gbàdúrà fún ìlú náà, nítorí bí ó bá dára fún ìlú, yóò dára fún àwọn náà.

Láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ ìwàásù lórí ìwé yìí, ilé kíkọ́ àti àdúrà fún ìlú ni àwa oníwàásù máa ń dúró lé lórí. Ó rọrùn láti wàásù nípa ilé. Ẹni tí ó bá kọ́ ilé, gbogbo ìjọ ni yóò bá a ṣí i, a ó jẹ, a ó mu, a ó sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ibi ọ̀rọ̀ ọmọ, a kì í pẹ́ níbẹ̀. A ó ní kí Ọlọ́run wò wọ́n, a ó sì kọjá. Àwọn àgbà wa kò kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Lónìí mo fẹ́ kí a dúró níbi tí a ti máa ń kọjá, mo sì fẹ́ mú yín lọ sí ilé kan tí ó jìnnà sí wa, ilé àwọn àlejò kan tí wọ́n kó ọmọ wẹ́wẹ́ lọ sí ìlú Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà, ìlú tí wọ́n ń pè ní Kolkata lónìí.

Ilé William Carey ni. Kò sí Onítẹ̀bọmi tí kò gbọ́ orúkọ náà rí. Èmi fúnra mi ti sọ ìtàn rẹ̀ lórí àga ìwàásù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: bí aránbàtà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi ara rẹ̀ kọ́ èdè púpọ̀, bí ó ṣe wà lára àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ajíhìnrere sílẹ̀ ní 1792, àti bí Májẹ̀mú Titun ní èdè Bengali ṣe jáde láti ọwọ́ rẹ̀ ní 1801. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, mo ní láti jẹ́wọ́ ohun kan kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi sọ ìtàn ọkùnrin yìí, n kò dárúkọ aya rẹ̀ rí.

Dorothy ni orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1781, kò mọ̀wé. Àmì ni ó fà sínú ìwé níbi tí ọkọ rẹ̀ ti kọ orúkọ. Ó ti sin ọmọbìnrin méjì kí ọ̀rọ̀ Íńdíà tó dé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé, ọmọkùnrin mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ̀, Felix, William àti Peter, oyún sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ní òun ń lọ, Dorothy ní òun kò lọ. Mo ti rí àwọn tí ń dá obìnrin yìí lẹ́bi, tí wọ́n ní kò ní ìgbàgbọ́. Èmi kò bá wọn dá a lẹ́bi. Kí ìyá tí ó bá lóyún, tí a ní kí ó kó ọmọ mẹ́ta sọdá òkun lọ sí ibi tí kò mọ ẹnikẹ́ni, tí kò sì bẹ̀rù rárá, kọ́kọ́ dìde dúró.

Nítorí náà Carey mú Felix nìkan, ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 8, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi ní oṣù kẹrin ọdún 1793. Ọkọ̀ náà kò gbé wọn lọ. Ẹgbẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní East India Company ni ó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà, kò sì fẹ́ ajíhìnrere ní ìlú rẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe sọ̀ wọ́n kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò ní etí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọn tó rí ọkọ̀ mìíràn, Dorothy ti bí ọmọkùnrin kan, Jabez. Carey àti Dókítà John Thomas, ẹni tí ó fẹ́ bá a lọ, wá bẹ̀ ẹ́ nílé. Ó kọ̀. Thomas tún padà lọ bá a lẹ́ẹ̀kejì, ó sì sọ fún un pé bí kò bá lọ, ilé rẹ̀ yóò túká títí láé, òun yóò sì kábàámọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó mú un. Ó ní òun yóò lọ bí ọmọ ìyá òun obìnrin, Kitty, bá lè bá òun lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà, wọ́n wọ ọkọ̀ àwọn ará Denmark pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, èyí tí ó kéré jù kò tí ì pé oṣù méjì. Oṣù márùn-ún ni wọ́n lò lórí òkun.

Wọ́n dé Calcutta ní oṣù kọkànlá. Ọwọ́ Thomas ni owó wà, owó náà sì tán kíákíá. Wọ́n ń ṣí kiri láti ibì kan dé ibòmíràn, títí ọmọ ilẹ̀ náà kan fi yá wọn ní ilé kékeré kan nínú ọgbà ní Manicktala, ní ẹ̀yìn ìlú. Níbẹ̀ ni ìgbẹ́ ọ̀rìn ti mú Dorothy àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tí ó dàgbà jù. Nínú ìwé tí Carey ń kọ lójoojúmọ́, ó dùn ún pé aya òun àti Kitty ń ráhùn nítorí ohun jíjẹ, pàápàá nítorí pé kò sí búrẹ́dì. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́, tí mo ka ibẹ̀, mo rò pé ìráhùn kékeré ni. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Búrẹ́dì lẹ́nu obìnrin tí ó wà ní àjò kì í ṣe búrẹ́dì lásán. Ẹ bi àwọn ìyá wa tí wọ́n ń fi àpò èlùbọ́ ránṣẹ́ sí ara wọn láti ilé. Ẹni tí ń ṣàárẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàárẹ̀, tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ lójú pópó, ohun tí ó mọ̀ ni ó ń wá, kí ó lè fi ọwọ́ kan ibì kan tí kò yí padà.

Láti Calcutta wọ́n lọ sínú igbó Sundarbans, níbi tí ẹkùn wà. Ní 1794, òyìnbó kan fún Carey ní iṣẹ́ alábòójútó ilé iṣẹ́ aró ní Mudnabati. Ẹ̀yin tí ìyá yín re aró mọ irú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n tiwọn tóbi. Owó wá ń wọlé. Ní ọdún yẹn kan náà ni Peter kú, ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Bàbá rẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti inú àìsàn, kò sì rí ẹni tí yóò gbẹ́ sàréè, nítorí ẹni tí ó bá fọwọ́ kan irú òkú bẹ́ẹ̀ lè di ẹni ìtanù láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí mẹ́rin ni ó gbà níkẹyìn láti gbẹ́ ẹ. Àwọn tí kò mọ ìdí tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa fi ń dá owó ìsìnkú lóṣooṣù, kí wọn ronú sí ọmọ yìí.

Lẹ́yìn ikú Peter, orí Dorothy dàrú. Ní 1795 ó ti hàn sí gbogbo ènìyàn. Ó ń fi ẹ̀sùn àgbèrè kan ọkọ rẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e kiri, ó ń kígbe lé e lórí, àwọn ìgbà mìíràn sì wà tí wọ́n ní láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Nínú ilé yẹn ni Carey ti ń túmọ̀ Bíbélì, ní yàrá kejì. Nínú ilé yẹn náà ni wọ́n ti bí Jonathan ní 1796.

Nígbà tí a bá sọ ìtàn yìí, ìtumọ̀ Bíbélì ni a máa ń wò, a ó sì ní, ẹ wo ìforítì! Ìforítì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ń wo àwọn ọmọ? Ìyá wọn kò lè ṣe é. Bàbá wọn wà ní ilé iṣẹ́ aró, tàbí nídìí ìwé, tàbí ní abúlé ibi tí ó ti ń wàásù. Àwọn ọmọkùnrin náà ń dàgbà bí koríko ẹ̀bá ọ̀nà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1800, wọ́n kó lọ sí Serampore, ìlú kan tí ó wà ní ọwọ́ àwọn ará Denmark ní etí odò Hooghly, tí kò jìnnà sí Calcutta. Àwọn ajíhìnrere mìíràn ti dé síbẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Joshua Marshman àti Hannah aya rẹ̀, àti William Ward tí ó jẹ́ atẹ̀wé. Inú ilé ńlá kan ni gbogbo wọn jọ ń gbé, wọ́n sì jọ ń jẹun. Felix ti ń lọ sí ọmọ ọdún 15, Jonathan sì jẹ́ mẹ́rin. Hannah wo àwọn ọmọ yìí, ó sì rí i pé ẹnikẹ́ni kò tọ́ wọn. Ó rí i pẹ̀lú pé bàbá wọn mọ̀, ó sì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù láti ṣe ohun kan sí i.

Ẹ gbọ́ ohun tí Hannah ṣe. Kò pe ìpàdé. Kò lọ sọ ọ́ kiri láàárín àwọn obìnrin. Ó ní ọmọ tirẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún yẹn sì wà lọ́rùn rẹ̀, owó ilé ẹ̀kọ́ náà sì wà lára ohun tí ń bọ́ gbogbo ilé. Síbẹ̀ ó gba àwọn ọmọ Carey mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn. Ward mú Felix lọ sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó fún un ní iṣẹ́ gidi láti ṣe, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ: a máa ń sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, lẹ́yìn náà olúkúlùkù a gbé àga rẹ̀, a padà sílé.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 1800, Carey ri ènìyàn méjì bọmi nínú odò Hooghly. Èkíní ni Felix ọmọ rẹ̀. Èkejì ni Krishna Pal, gbẹ́nàgbẹ́nà, ọmọ Bengal àkọ́kọ́ tí àwọn ará Serampore rì bọmi. Ọjọ́ ayọ̀ ńlá ni. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, Dorothy wà nínú yàrá tí wọ́n tì mọ́ ọn, ó ń ké, àwọn ènìyàn sì ń gbọ́ ọ. John Thomas pẹ̀lú wà nínú yàrá mìíràn, nítorí ayọ̀ náà pọ̀ ju agbára ọkàn rẹ̀ lọ, orí tirẹ̀ pẹ̀lú dàrú. Thomas yìí ni ó lọ bá Dorothy lẹ́ẹ̀kejì ní 1793, tí ó ní ilé rẹ̀ yóò túká bí kò bá lọ. Mo ti gbìyànjú láti rí ẹ̀kọ́ kan fà yọ níbẹ̀, n kò rí i. Mo kàn fi í síwájú yín.

Láti 1801 ni Carey ti ń kọ́ni ní Fort William College ní Calcutta. Yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ láàárín ọ̀sẹ̀, yóò sì padà sí Serampore ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ wà ní ìlú kan, tí ìyàwó àti ọmọ yín wà ní òmíràn, ẹ mọ irú ìgbésí ayé yẹn dáadáa. Dorothy kú ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá, 1807, lẹ́yìn bí ọdún 12 nínú àìsàn náà.

Àwọn òyìnbó mìíràn ní ilẹ̀ Íńdíà yan ọ̀nà tí ó yàtọ̀: wọ́n ń dá ọmọ padà sílé. Ẹ wo Rudyard Kipling, ẹni tí ó kọ ìtàn àwọn ẹranko inú igbó. Ìlú Bombay ni wọ́n ti bí i ní 1865. Ọwọ́ àwọn alágbàtọ́ ọmọ ilẹ̀ náà ni ó ti dàgbà, èdè wọn ni ó sì mọ̀ jù, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá ń lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, wọ́n ní láti rán an létí kí ó sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1871, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, tí àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ mẹ́ta, wọ́n kó wọn lọ sí ilé àwọn kan tí wọn kì í ṣe ẹbí ní Southsea, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ láìsọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ó tó bí ọdún mẹ́fà kí ìyá wọn tó wá mú un kúrò níbẹ̀. Ó jìyà nínú ilé náà, kò sì gbàgbé rẹ̀ títí ó fi darúgbó.

Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọmọ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ìwó. Ilé ẹ̀kọ́ lè wà níbẹ̀ tí ó sàn ju ti ìhín lọ, ìgbà rògbòdìyàn sì ti kọ́ wa pé ó dára kí ọmọ ní ibòmíràn tí yóò sá sí. Ṣùgbọ́n kí ẹ jókòó ti ọmọ náà kí ẹ tó gbé e wọ mọ́tò. Kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un, kí ẹ sì sọ ìgbà tí ẹ ó wá wò ó, kí ẹ sì wá ní ìgbà náà. Ọmọ ọdún márùn-ún kì í ṣe ẹrù tí a ń fi sí ọwọ́ awakọ̀.

Àwọn kan ń bẹ̀rù nítorí èdè. Wọ́n ní àwọn ọmọ wa ń sọ Haúsá ju Yorùbá lọ, wọ́n sì ń ka ìwé Nehemáyà fún mi, níbi tí inú ti bí i nítorí àwọn ọmọ tí ń sọ èdè Áṣídódù tí wọn kò sì gbọ́ èdè bàbá wọn. Àwọn ọmọ Carey gbọ́ èdè Bengali bí ọmọ ilẹ̀ náà. Felix padà wá fi èdè náà kọ ìwé nípa ẹ̀yà ara ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ó gbọ́ èdè àwọn ará Burma pẹ̀lú, nítorí ó ti lọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ajíhìnrere. Haúsá lẹ́nu ọmọ yín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọrọ̀ ni. Ohun tí mo rò pé ó bí Nehemáyà nínú ni pé a kì í gbọ́ èdè bàbá ní ilé tí bàbá kì í ti í sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ó ń sùn lórí ìdì aṣọ ní ìsọ̀ títí di agogo mẹ́sàn-án alẹ́, tí a gbé sílé ní ojú oorun, tí a tún jí ní kùtùkùtù, nínú èdè wo ni ẹ ti bá a sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí?

Mo mọ ohun tí ẹ ó fi dá mi lóhùn. Ẹ ó ní, “Nítorí àwọn ọmọ náà ni a ṣe ń ṣe é.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdáhùn Carey tóbi ju tiyín lọ, nítorí ó lè ní, “Nítorí Ọlọ́run ni mo ṣe ń ṣe é,” kò sì ní jẹ́ irọ́. Síbẹ̀ Hannah ni ó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Bí títúmọ̀ Bíbélì kò bá lè dípò bàbá nínú ilé, ṣé ìsọ̀ ni yóò dípò rẹ̀, tàbí fáìlì?

Àwọn ọmọ náà kò sọnù, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Felix lọ sí Burma, níbi tí ó ti rí ìbànújẹ́ púpọ̀: odò gbé aya rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ méjì lọ ní 1814. William di ajíhìnrere ní Bengal. Jabez lọ sí erékùṣù Amboyna, Jonathan sì di agbẹjọ́rò ní Calcutta. Bàbá wọn gbé títí di 1834.

Ohun kan kù tí ó wúwo lọ́kàn mi. Dorothy wà láàárín wa. N kò mọ orúkọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó wà. Ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ wá, ó bímọ, bóyá ó sin ọmọ, kò gbọ́ èdè ọjà, kì í sùn dáadáa, ó ń sunkún láìsí ìdí tí a lè rí, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí fura sí ọkọ rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ má ṣe sọ pé àjẹ́ ni, ẹ má sì ṣe dúró títí a ó fi ní láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àìsàn ni, bí ibà ti jẹ́ àìsàn, oògùn rẹ̀ sì wà ní ilé ìwòsàn. Ẹ mú un lọ, kí ẹnìkan sì bá a jókòó. Àdúrà yóò tẹ̀ lé wọn lọ síbẹ̀. Kò ní jowú dókítà.

Lẹ́yìn ìsìn òní, àwọn ìyá ìjọ yóò dúró nínú yàrá Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Kí ọkọ tí aya rẹ̀ kò tí ì pé ọdún kan ní ìlú yìí mú un wá bá wọn, kí ó sì fi àdúgbò àti ojúlé wọn lé akọ̀wé ìjọ lọ́wọ́, kí a lè mọ ilé. Kí wọn mú àwọn ọmọ dání. Ẹ̀kọ àti àkàrà yóò wà.